Ẹ má kọ ti ilé Euro kan nìkan, ẹ kọ ti Riace náà

Ẹ̀yin Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ohun tẹ́ ẹ gbé jáde nípa àwọn abúlé Ítálì tó ń ta ilé ní Euro kan, Sambuca, Mussomeli, Cinquefrondi, àmọ́ ẹ ò sọ fáwọn èèyàn pé ẹni tó bá rà á gbọ́dọ̀ tún un ṣe láàárín ọdún díẹ̀, owó àtúnṣe yẹn kì í sì í ṣe kékeré. Èyí tó wá dùn mí jù ni pé ẹ ò dárúkọ Riace rárá.

Calabria ni Riace wà, níbi tí ilẹ̀ Ítálì ti ń parí lọ sísàlẹ̀. Apá méjì ló ní: ti òkè wà lórí òkè, ti ìsàlẹ̀, Riace Marina, wà létí òkun. Lọ́dún 1972 ẹnì kan tó ń wẹ̀ lábẹ́ omi rí ère idẹ ọkùnrin méjì níbẹ̀, iṣẹ́ àwọn Gíríìkì àtijọ́, ó ti lé lẹ́gbẹ̀rún méjì ọdún, ẹni tó bá ti rí ère Ifẹ̀ rí á mọyì ẹ̀. Ìlú Reggio Calabria ni wọ́n kó wọn lọ, ibẹ̀ náà làwọn tó fẹ́ wò wọ́n ń ná owó wọn sí. Riace kàn ní orúkọ ni.

Àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ ti lọ tipẹ́, Turin, Milan, Argentina, ilé wà ní títì, àwọn arúgbó ló kù. Ìgbà tó di 1998 ni ọkọ̀ ojú omi tó kó àwọn Kurd tó ń sá àsálà gúnlẹ̀ sí etíkun wọn, tíṣà kan tó ń jẹ́ Domenico Lucano àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ bá ní ṣebí ilé tó ṣófo rèé, kí wọ́n wọlé. Wọ́n dá ẹgbẹ́ Città Futura sílẹ̀ lọ́dún 1999, wọ́n dìbò fún Lucano ní méyọ̀, ìyẹn olórí ìlú, lọ́dún 2004, iléèwé tún rí ọmọ kọ́, wọ́n ń hun aṣọ, wọ́n ń mọ ìkòkò, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ló ń kó ilẹ̀ láwọn ọ̀nà tóóró tí mọ́tò ò lè gbà. Owó ìjọba fáwọn àlejò yẹn máa ń pẹ́ kó tó dé, wọ́n wá tẹ bébà tó ní àwòrán Gandhi àti Che Guevara, wọ́n ń fi ra oúnjẹ lọ́wọ́ àwọn ìyá onísọ́ọ̀bù, tówó bá dé wọ́n á san án. Ọgbọ́n àwìn ni, ta ni ò mọ̀ ọ́n nílé wa?

Ní 2018 wọ́n mú Lucano, wọ́n fẹ̀sùn kàn án lórí ọ̀ràn àwọn àlejò yẹn. Ní 2021 adájọ́ fún un ní ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́tàlá àti oṣù méjì, nígbà tó jẹ́ pé ẹni tó pe ẹjọ́ gan-an ò béèrè tó ọdún mẹ́jọ! Kóòtù kòtẹ́milọ́rùn já a wálẹ̀ sí ọdún kan ààbọ̀ lọ́dún 2023, wọn ò sì ní kó lọ sẹ́wọ̀n. Mi ò sọ pé gbogbo ìwé ẹ̀ ló mọ́ o, àmọ́ ní 2024 àwọn ará abúlé tún dìbò fún un ní méyọ̀, ọdún yẹn náà ló wọ ilé aṣòfin Yúróòpù.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. Ọmọ Nàìjíríà kan gbé ní Riace, ìjọba kọ ìwé àsálà rẹ̀, ó ní láti kúrò, àgọ́ San Ferdinando níbi táwọn tó ń já ọsàn ń sùn ló bọ́ sí, iná sì jó o pa níbẹ̀ ní January 2018. Riace ni wọ́n gbé e padà lọ sin. Ilé pọ̀ ní Riace nígbà yẹn o, òfin ló ní kó jáde.

Ẹ rán oníròyìn lọ síbẹ̀ ní ìparí September, ìgbà ọdún Cosma àti Damiano, ìbejì oníṣègùn tí wọn kì í gba owó lọ́wọ́ aláìsàn, àwọn Roma, ẹ̀yà tí wọ́n tún ń pè ní Gypsy, máa ń ti jìnnà wá jó níbẹ̀. Àwọn ẹni mímọ́ méjì yìí náà làwọn ará Bahia ní Brazil so pọ̀ mọ́ Ìbejì wa, tí wọ́n ń se caruru, ọbẹ̀ ilá, fún. Kó béèrè lọ́wọ́ àwọn onísọ́ọ̀bù yẹn bóyá wọ́n rí owó bébà wọn gbà tán, kó sì ka iye ilé tó tún ti wà ní títì.

Èmi ni òǹkàwé yín, láti Calabria