Fọ́tò kò lè wọn oúnjẹ

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Mo rí fọ́tò àwo oúnjẹ tí o fi ránṣẹ́ lálẹ́ àná, pẹ̀lú ìbéèrè rẹ: "Mọ́mì, ṣé ẹ rò pé èyí ti pọ̀ jù?" Mo fẹ fọ́tò náà títí, mo yí fóònù sọ́tùn-ún sósì, n kò rí nǹkan kan sọ. Ìrẹsì tó kún àwo kékeré bámúbámú, bí o bá dà á sínú àwo ńlá, yóò dà bí ẹni pé ẹnì kan ti jẹ níbẹ̀.

O ní ife lo fi ń wọ̀n ọ́n. Ife wo? Ibì kan ń pe mìlílítà 240 ní ife, ibòmíràn ń pe 250, èyí tí ìwọ fi ń mu tíì sì lè gbà ju 300 lọ. Ìyẹ̀fun tí o rọra bù sínú ife lè jẹ́ gíráàmù 120. Ki ìyẹ̀fun kan náà mọ́lẹ̀ dáadáa, ó lè di 150. Ife kan náà o.

Ra òṣùwọ̀n kékeré tó ń lo bátìrì, tó ń ka gíráàmù. Orí ibi tó le, tó tẹ́jú ni kó o gbé e sí. Kó o tó gbà á gbọ́, dán an wò: gbé abọ́ òfìfo lé e, tẹ bọ́tìnnì tó ń dá a padà sí òdo, kí o da omi inú ike mìlílítà 500 sínú abọ́ náà. Bó bá sọ ohun tó sún mọ́ gíráàmù 500, ẹ lè jọ máa gbé.

Wàyí o, jẹ́ kí n sọ ìtìjú ara mi. Nígbà tí dókítà ní ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ mi ti ń ga, wọ́n kọ ọ́ sí ìwé fún mi pé gíráàmù 75 ìrẹsì ni kí n máa jẹ lẹ́ẹ̀kan. Mo sè é, mo bù ú, mo wọ̀n ọ́n. Ìwọ̀nba síbí mélòó kan ló tán! Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi jẹ bẹ́ẹ̀, tí mo ń kanra mọ́ bàbá rẹ lásán, tí mo ń dìde lóru lọ wá búrẹ́dì. Àṣé ìrẹsì tí a kò tíì sè ni wọ́n ń sọ. Ìrẹsì a máa fa omi mu: gíráàmù 75 tó gbẹ lè di nǹkan bíi 200 bó bá jinná. Ohun tí mo ń jẹ kò ju bíi ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tí wọ́n ní kí n jẹ lọ. Búrẹ́dì òru wá ńkọ́? Ta ló wọ̀n ọ́n?

Ẹran ní tirẹ̀ máa ń sún kì lórí iná: gíráàmù 100 rẹ̀ ní tútù lè ku nǹkan bíi 75. Nítorí náà, kọ́kọ́ béèrè: nọ́ńbà tí mo ń lò yìí, ti tútù ni àbí ti sísè? Bó bá jẹ́ ìkòkò kan lẹ sè fún ènìyàn mẹ́rin, wọn ìkòkò òfìfo, kọ nọ́ńbà rẹ̀ sára ògiri. Bí oúnjẹ bá jinná, wọ̀n ọ́n pẹ̀lú ìkòkò, yọ ti ìkòkò kúrò, kó o pín ìyókù sí mẹ́rin.

Epo ni olè ilé ìdáná. Síbí ìjẹun kan rẹ̀, mìlílítà 15, tó kálórì 120, ìwọ sì máa ń da tìrẹ tààrà látinú ìgò ni, mo mọ̀ ọ́ láti kékeré. Ṣe báyìí: gbé ìgò epo sórí òṣùwọ̀n, dá a padà sí òdo, da epo sínú ìkòkò, kí o gbé ìgò padà. Bó bá kọ 27 pẹ̀lú àmì àyọkúrò níwájú, síbí méjì ti wọlé nìyẹn. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe é, mo rò pé òṣùwọ̀n ló bàjẹ́.

Ewébẹ̀ tútù, fi í sílẹ̀, má wọ̀n ọ́n. Má sì gbé òṣùwọ̀n lọ sílé onílé, ẹ jọ̀ọ́. Bó o bá sì rí i pé oúnjẹ ti ń bà ọ́ lẹ́rù, ti òṣùwọ̀n náà sínú kọ́bọ́ọ̀dù, kí o pè mí lọ́jọ́ náà gan-an.

Lẹ́yìn oṣù kan, máa kọ́kọ́ fi ojú bù ú, kọ iye tí o rò pé ó jẹ́ sílẹ̀, kó o tó wọ̀n ọ́n. Nọ́ńbà méjèèjì ni kó o fi ránṣẹ́ sí mi lọ́jọ́ Àìkú, kì í ṣe fọ́tò. Èmi náà á fi tèmi ránṣẹ́. Lórí ìrẹsì, mo ṣì ń fi bíi gíráàmù 30 ṣìnà.

Ìyá rẹ