Lẹ́tà sí Bọ́sẹ̀, lórí iṣẹ́ tó fẹ́ pa tì

Kàbà,
Ìpínlẹ̀ Kogí.

Bọ́sẹ̀ ọmọ mi,

Òkun o. Ara wa le. Màmá rẹ ní kí n bi ọ́ bóyá ò ń jẹun dáadáa.

Mo ti ka ìròyìn tí o fi ránṣẹ́ láti yunifásítì yín ní Irvine, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, nípa ẹ̀bùn àti oyè tí àwọn olùkọ́ yín, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtàwọn tó ti jáde níbẹ̀ gbà. Inú mi dùn sí i. Ohun tí o kọ sísàlẹ̀ rẹ̀ ni kò bá mi lára mu: pé lójú irú iṣẹ́ báwọ̀nyí, èyí tí o fẹ́ ṣe lórí àwọn tí wọ́n tì mọ́lé láìtíì dá wọn lẹ́jọ́ nílẹ̀ wa kéré, pé bóyá kí o mú òmíràn tí ayé ń pariwo rẹ̀. Jọ̀ọ́, má ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Elizabeth Loftus tó wà lọ́dọ̀ yín, kó tó dé Irvine rárá, ní 1974, òun àti ẹnìkejì rẹ̀ fi fíìmù ọkọ̀ tó kọlu ara wọn han àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n bi àwọn kan léèrè bí ọkọ̀ náà ṣe ń sáré tó nígbà tó gbá èkejì, wọ́n bi àwọn mìíràn bó ṣe ń sáré tó nígbà tó fọ́ èkejì túútúú. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, nínú 50 tí wọ́n bi ní ìbéèrè "fọ́ túútúú", 16 ní àwọn rí gíláàsì tó fọ́. Nínú 50 tí wọ́n bi ní ìbéèrè "gbá", 7. Gíláàsì kankan kò sì fọ́; bí wọ́n ṣe béèrè ló yí ohun tí wọ́n rántí padà. Èmi tí mo ti jókòó ní kóòtù tí mo ń gbọ́ "Ṣé kì í ṣe ọmọkùnrin yìí lo rí?", mo mọ ìwúlò iṣẹ́ yẹn.

Olóògbé Joan Petersilia, ọ̀dọ̀ yín ló ti gba oyè ọ̀mọ̀wé, ó sì kọ́ni níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn tó ti ẹ̀wọ̀n dé ló gbájú mọ́: ibi tí wọ́n á sùn, ẹni tí yóò gbà wọ́n síṣẹ́. Ìgbà tó ti ṣe é pẹ́ ni Ẹ̀bùn Stockholm, tí wọ́n ń fún àwọn onímọ̀ nípa ìwà ọ̀daràn, dé, ní 2014.

Wo ilé wàyí. Lálẹ́ ọjọ́ 12 oṣù kẹsàn-án 2021, àwọn agbébọn ya wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n Kàbà, ẹlẹ́wọ̀n 240 sì jáde. Ọ̀rọ̀ ìbọn ni gbogbo ìlú ń sọ. Iye tí iléeṣẹ́ ẹ̀wọ̀n kéde ló dùn mí jù: ènìyàn 294 nínú ọgbà tí wọ́n kọ́ fún 200, 224 nínú wọn ni kóòtù kò tíì dá lẹ́jọ́.

Ìwé ńlá tí mo máa ń kọ ẹjọ́ sí nígbà tí mo jẹ́ akọ̀wé kóòtù kò jẹ́ kó yà mí lẹ́nu. "A sún un síwájú, IPO kò wá", ìyẹn ọlọ́pàá tó ń wádìí ẹjọ́ náà. Lójú ewé mìíràn, orúkọ kan náà: "A sún un síwájú, kò sí ọkọ̀ tí yóò gbé olùjẹ́jọ́ wá." Ẹ̀sùn ewúrẹ́ ni o. Adájọ́ ti fún un ní béèlì, ẹni tí yóò dúró fún un ni kò sí, torí oko ní Bùnú ni ìyá rẹ̀ ń gbé, kò sì ní ìwé ilẹ̀ kankan.

Tí o bá dé, àwọn akọ̀wé kóòtù ni kí o kọ́kọ́ lọ bá, kì í ṣe àwọn ọ̀gá. Kúnlẹ̀ kí wọn. Wá gbogbo ìdí tí wọ́n fi sún ẹjọ́ síwájú, kà á lọ́kọ̀ọ̀kan, má ṣe kọ orúkọ ẹnikẹ́ni jáde. Lẹ́yìn náà lọ sí Bùnú, kí o bá àwọn ìyá wọ̀nyẹn sọ̀rọ̀ ní ohùn ilé. Wọn kò ní sọ tinú wọn fún àlejò. Ohun tí o bá rí, kà á fún àwọn adájọ́ àti dípíò, ọ̀gá àwọn ọlọ́pàá, níbí kí o tó gbé e lọ síwájú àwọn tó ń fúnni lóyè.

Sọ oṣù tí ò ń bọ̀ fún mi, kí n lè tètè bá àwọn tó rọ́pò mi sọ̀rọ̀ nípa ìwé náà.

Èmi ni,
Bàbá rẹ