Sí Àkàndé, Lórí Ọ̀rọ̀ Ilé-Ìwé àti Orí Òkè

Àkàndé ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. O ní ìwé ti sú ọ, o fẹ́ fi ọdún kan tó kù sílẹ̀ kí o lọ máa gbé orí òkè àdúrà. O wá fi Ramana Maharshi, ẹni mímọ́ àwọn Híńdù, ṣe ẹ̀rí, pé ọmọ ọdún 16 ni nígbà tó filé sílẹ̀.

Òótọ́ ni. Àmọ́ wo bó ṣe lọ. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1896, ní Madurai ní gúúsù Íńdíà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kó mú rúpì 5 kó bá òun fi san owó ilé-ìwé. Rúpì 3 ló mú, èyí tó rò pé yóò tó wọ ọkọ̀ ojú irin. Ó fi 2 yòókù sílẹ̀ pẹ̀lú ìwé pélébé kan: kí wọ́n má náwó wá òun kiri, àti pé owó ilé-ìwé ẹ̀gbọ́n òun kò tíì di sísan. Ọmọdé tó ń sáré lọ bá Ọlọ́run, kò gbàgbé ẹ̀tọ́ ọmọ ìyá rẹ̀. Nínú lẹ́tà tìrẹ, n kò rí gbólóhùn kan nípa àbúrò rẹ tó jókòó sílé, tó ń retí kí o ṣe tán kí owó lè kàn án.

Ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ló dé Tiruvannamalai, nísàlẹ̀ òkè Arunachala. Kò tún kúrò nílùú náà títí ọlọ́jọ́ fi dé lọ́dún 1950. Lílọ kò gbà á ju ọjọ́ mélòó kan. Dídúró ló gba gbogbo ayé rẹ̀. Nínú àjàalẹ̀ tẹ́ńpìlì tó kọ́kọ́ jókòó sí, kòkòrò jẹ ẹ́ nítan títí ó fi degbò, àwọn èèyàn ló gbé e jáde. Lẹ́yìn náà, ó lo bí ọdún 17 nínú ihò àpáta kan lára òkè náà.

Jẹ́ kí n sọ ti ìyá rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ló ká mi lára jù. Alagammal tọ̀ ọ́ lọ lọ́dún 1898, ó sunkún, ó bẹ̀ ẹ́ kó padà wálé. Ọmọ náà kò lanu. Ìwé ló kọ sí i, pé ohun tí a ti yàn kò ní ṣàì ṣẹ. Mo ronú ìrìn àjò obìnrin yẹn padà sílé títí. Lọ́dún 1916, ó wá bá ọmọ rẹ̀ gbé lórí òkè, ó ń dáná fún gbogbo wọn. Ọjọ́ tó kú lóṣù karùn-ún ọdún 1922, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ọmọ náà jókòó sí látàárọ̀, ọwọ́ kan lórí, ọwọ́ kejì láyà, títí ẹ̀mí fi bọ́. Ìdí ibojì ìyá yẹn ni àwọn ọmọlẹ́yìn kọ́ ilé ìjọsìn wọn sí.

Nígbà tí òkìkí Ramana, tó ti di bàbá, ti kàn dé òkè òkun, wọ́n ṣì ń jí kí ilẹ̀ tó mọ́ láti gé ẹ̀fọ́ ní ilé ìdáná. Oúnjẹ tí kò bá kárí, wọn kì í jẹ ẹ́. Àrùn jẹjẹrẹ mú wọn lápá lọ́dún 1949, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ léraléra, síbẹ̀ wọn kò ti ilẹ̀kùn mọ́ àlejò. Iṣẹ́ ojoojúmọ́ bẹ́ẹ̀ ni mò ń pè ní ìfọkànsìn, Àkàndé.

Ọ̀pọ̀ èèyàn sì lọ bá wọn pẹ̀lú irú ọ̀rọ̀ tìrẹ gan-an: ṣé kí àwọn fi iṣẹ́ àti ẹbí sílẹ̀? Bàbá náà a máa ní kí wọ́n dúró síbi tí wọ́n wà, pé ọkàn tó ń da èèyàn láàmú nílé, òun náà ni yóò bá a dé igbó.

Nítorí náà, jí láago mẹ́rin kí o gbàdúrà ní yàrá rẹ níbẹ̀ yẹn, lójoojúmọ́, bó rẹ̀ ọ́ bí kò rẹ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà, lọ sí kíláàsì. Bí o bá gba ìwé ẹ̀rí tán tí òkè ṣì ń pè ọ́, èmi fúnra mi ni n ó bá bàbá rẹ sọ ọ́. Títí dìgbà náà, n kò ní fi lẹ́tà rẹ hàn wọ́n.

Èmi ni,
Ìyá rẹ