Ọjọ́ Tí Òjòlá Bá Jẹun, Ẹ Jẹ́ Kó Sinmi

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Nílùú Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà, àwọn èèyàn ń sin òjòlá nínú ilé bí ẹni sin ajá. Ìbéèrè tí wọ́n sì ń bi àwa tí a mọ̀ nípa rẹ̀ jù ni pé, ẹ̀ẹ̀melòó lọ́sẹ̀ ló yẹ kí èèyàn gbé e? Ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 lẹ́ẹ̀kan. Burmese python, irú òjòlá ńlá kan láti ilẹ̀ Éṣíà, àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó lè gùn kọjá mítà 3 là ń wí. Ejò kì í ṣàárò ẹni tó ń sìn ín. Gbígbé kàn ń jẹ́ kó mọ́ ọn lára ni, kó má baà máa ta gìrì tí ọwọ́ bá kàn án, ìyẹn ò sì gba ojoojúmọ́.

Ọjọ́ oúnjẹ ló yẹ kí ẹ máa kà. Èyí tó ti dàgbà lè jẹ ehoro kan láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin. Tó bá ti gbé e mì, ẹ má fọwọ́ kàn án fún wákàtí 48 ó kéré tán. Bí ikùn rẹ̀ bá ṣì yọ gọnbọ, ẹ dúró títí yóò fi pẹlẹbẹ, ó lè tó ọ̀sẹ̀ kan. Iṣẹ́ tó ń lọ nínú rẹ̀ lákòókò yẹn kì í ṣe kékeré: láàárín ọjọ́ méjì tí Burmese python bá jẹun, ọkàn rẹ̀ máa ń fi nǹkan bí ìdá 40 nínú 100 tóbi sí i. Ẹni tó bá gbé e sókè nígbà náà, ó lè bì í, oje ikùn á sì jó o lọ́nà ọ̀fun. Bó bá bì, ẹ má fún un lóúnjẹ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ sì fi ẹran kékeré bẹ̀rẹ̀ padà. Ẹ tún wo ooru àpótí rẹ̀: ibi tó ti ń yáná yẹ kó wà ní 31 sí 33°C, nítorí nínú òtútù oúnjẹ á jẹrà sí i níkùn.

Bí ojú rẹ̀ bá funfun bí omidùn, ó fẹ́ bọ́ awọ nìyẹn, kò sì ríran dáadáa. Ẹ fi í sílẹ̀. Èyí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, kó kọ́kọ́ jẹun lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó máa gbé e.

Ibi tí jàǹbá pọ̀ sí ni ẹnu ọ̀nà àpótí. Ẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó ṣí i, torí òórùn ehoro lára yín, oúnjẹ ni lójú tirẹ̀. Ẹ fi ọ̀pá onírin tó ní ìkọ́ lórí rọra kàn án láàárín ara. Kò ní pẹ́ mọ̀ pé ọjọ́ tí ọ̀pá bá kan òun, kò sí oúnjẹ. Bó bá ká ọrùn kọ́rọkọ̀rọ, tó tẹjú mọ́ ọwọ́ yín, ẹ tilẹ̀kùn padà, ó di ọjọ́ mìíràn. Bí ẹ bá máa gbé e, ẹ fi ọwọ́ gbé e láàárín àti níwájú, kí ara rẹ̀ má rọ̀ dirodiro. Ẹ má gbé e kọ́ ọrùn o! Èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ àlejò lọ́rùn nílé òrìṣà ejò tó wà ní Ouidah, lórílẹ̀-èdè Benin, kì í sábà gùn ju mítà kan àtààbọ̀ lọ.

Àìkọ́wọ̀ọ́rìn ejò ló ń jẹ ejò níyà. Ẹni tó ń dá gbé òjòlá náà ń wá ìyà. Bó bá ti kọjá mítà 2 àtààbọ̀, kí ẹni méjì tó dàgbà wà níbẹ̀. Bó bá géni jẹ, tó wé mọ́ni, ẹ má fà á lórí, eyín rẹ̀ tẹ̀ sẹ́yìn bí ìwọ̀ ẹja, ẹran ara ló máa fà ya. Láti ìrù ni kí ẹnì kejì ti máa tú u. Ẹ da omi tútù tàbí ọtí líle díẹ̀ sí i lẹ́nu, á tú ẹnu sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ nítorí kòkòrò Salmonella tó wà lára ejò. Ilé tí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 bá wà, a ò gbà wọ́n níyànjú láti sin ín rárá.

Àwa ni tiyín,
Àwọn olùsìn ejò kan, Lọ́ńdọ̀nù