Ẹ Má Gbin Òdòdó Sínú Ìkòkò Ìyá Mi

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú yín gbé ìkòkò tó wà lẹ́yìnkùlé, ó ní òun fẹ́ gbin òdòdó sí i. Mo ní kó gbé e sílẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín: "Màmá àgbà, kí lẹ fẹ́ fi ṣe? Ìkòkò tó ti lu!"

Lóòótọ́, ó lu. Amọ̀kòkò ló dìídì lu ú nídìí.

Aláró ni ìyá mi, orí ìkòkò mìíràn ló máa ń gbé e lé nílé wa ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta. Á rọ eérú kún un, á bu omi sí i, omi náà á máa kán tó, tó, tó sínú ti ìsàlẹ̀. Ahọ́n ló fi ń dán an wò. Bí kò bá ta á lẹ́nu, á tún un sẹ́. Omi yẹn ni wọ́n ń da sórí ewé èlú tí wọ́n ti gún, tí wọ́n ṣù, tí wọ́n sì sá gbẹ. Wọ́n á dé e fún ọjọ́ mélòó kan títí yóò fi kan. Òórùn rẹ̀, ẹ má wulẹ̀ bi mí. Aṣọ tí wọ́n bá rì sínú rẹ̀, àwọ̀ ewé ló máa ń gbé jáde. Ìgbà tí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i, lójú wa báyìí, ló ń di aró. Títí ìyá mi fi kú, èékánná rẹ̀ kò mọ́.

Mo sì ń gbọ́ tí ẹ ń sọ pé obìnrin ayé àtijọ́ kò ṣe ju ọbẹ̀ sísè àti ọmọ bíbí lọ. Ta ló sọ fún yín? Nígbà tí owó orí dé ilẹ̀ Ẹ̀gbá ní 1918, wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ obìnrin lọ́tọ̀, títí kan ọmọ ọdún 15. Ṣé ọwọ́ ẹni tí kò níṣẹ́ ni wọ́n ti ń gba owó orí? Nígbà tó sú àwọn obìnrin náà, wọ́n tẹ̀lé Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, ọ̀rọ̀ náà sì le títí Aláké Adémọ́lá Kejì fi kúrò lórí oyè ní 1949. (Ó padà wá o, kí n má purọ́.)

N kò ní kí ẹ lọ máa rẹ aró. Èmi náà sá fún un: láti kékeré ni mo ti ń gún èlú, ẹ̀yìn ń ro mí. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó palẹ̀ ẹrù ìyá arúgbó kan mọ́, ẹ mú ọ̀kan nínú rẹ̀, ẹ bi í: kí lẹ fi ń ṣe? Ta ló rà á? Ọwọ́ ta ni owó rẹ̀ ń bọ́ sí?

Mo ti gbé ìkòkò mi padà sáyè rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbin òdòdó, ike pọ̀ lọ́jà Kútọ̀.

Èmi ni,
Ìyá àgbà yín