Ẹ wo ilé onílé kí ẹ tó mú orúkọ níbẹ̀

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn.

Kò sí ohun tó burú nínú kí òbí yá orúkọ láti inú àṣà ẹlòmíràn fún ọmọ rẹ̀. Ohun tó ń dùn wá ni pé ọ̀pọ̀ òbí kì í ṣe ju kí wọ́n ka ìtumọ̀ rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìtumọ̀ yẹn kì í sọ ẹni tó ń jẹ́ orúkọ náà, tàbí ẹni tí kò yẹ kó jẹ́ ẹ.

Ẹ wo àwọn Akan ní Gánà. Ọmọkùnrin tí wọ́n bí lọ́jọ́ Ẹtì ni Kofi, obìnrin ọjọ́ Àbámẹ́ta ni Ama. Ẹni tó bá sọ ọmọkùnrin ọjọ́ Ìṣẹ́gun ní Kofi ti gbé ọjọ́ ìbí ọlọ́jọ́ lé e lórí. Kwabena ló yẹ ẹ́. Bí orúkọ ọjọ́ ló wù yín, ẹ jẹ́ kí ọmọ dáyé ná.

Orúkọ tí wọ́n gé kù tún burú ju èyí lọ. Abdul nìkan kò pé lédè Lárúbáwá. Ẹrúsìn ni, orúkọ Ọlọ́run ló sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e, bíi Abdulrahman, ẹrúsìn Ọba Àjọkẹ́-ayé. Bí ẹ bá dá a dúró ní Abdul, ẹrúsìn ta ni? Cohen ńkọ́? Orúkọ ìdílé àlùfáà ni láàárín àwọn Júù, ti àwọn tó ka ara wọn sí ìran Áárónì. Ó máa ń dun ọ̀pọ̀ Júù bí ẹlòmíràn bá sọ ọmọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ torí pé ó dùn létí. Andrea sì rèé, ọkùnrin ni ní Ítálì, obìnrin ni ní Jámánì.

Ó wá kan ìwé. Ìlà méjì tí ẹ̀rọ ń kà nínú ìwé ìrìnnà kì í gba àmì orí lẹ́tà kankan, àyè 39 péré ló sì wà fún gbogbo orúkọ. Yuki àti Yūki, orúkọ méjì ní Japan, di ọ̀kan náà níbẹ̀. Ẹ kọ orúkọ náà láìsí àmì, kí ẹ wo ohun tó kù. Ẹ bèèrè òfin pẹ̀lú: ní Iceland, orúkọ tí kò bá sí nínú àkọsílẹ̀ ìjọba gbọ́dọ̀ dé iwájú ìgbìmọ̀ kan.

Ẹ wá ẹni méjì tó gbọ́ èdè náà láti kékeré, àgbà kan, ọ̀dọ́ kan. Ẹ má bi wọ́n bóyá orúkọ náà dára, torí wọn ò ní fẹ́ bà yín lọ́kàn jẹ́. Ẹ bi wọ́n pé: ta lẹ mọ̀ tó ń jẹ́ ẹ? Ṣé ẹ lè sọ ọmọ tiyín bẹ́ẹ̀? Ẹ gba ohùn wọn sórí fóònù, kí ẹ máa pè é tẹ̀ lé wọn. Bí ẹnu yín kò bá gbà á lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ fi ṣe orúkọ kejì, kí èyí tí ẹ mọ̀ ọ́n pè ṣáájú.

Àwa òǹkàwé yín.