Ẹ̀sùn lórí ọ̀dà pupa yín tó ń bọ́ sára aṣọ

Ìbarà,
Abẹ́òkúta,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.

Sí Alábòójútó Ọ̀rọ̀ Oníbàárà,

Ẹ kú iṣẹ́ o.

Ẹjọ́ ọ̀dà pupa yín tí mo rà ní Pánṣẹ́kẹ́ ni mo gbé wá. Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà sára ike pé ó ṣeé fi omi àti ọṣẹ fọ̀. Ká má tíì débi omi, ẹni tó bá fara kàn án lásán, ó ti gba tirẹ̀ lọ.

Ògiri kan péré ni mo ní kí wọ́n kùn ní pálọ̀. Mẹ́ta tó kù, kíríìmù ni. Ẹni tó mọ pupa lò kì í kùn ún yí ilé ká, torí ó máa ń mú kí yàrá kéré lójú. Mo ra kọ́tìnì tó bá a mu, mo fi àdìrẹ Ìtòkú bo tìmùtìmù àga. Aró yẹn níwájú pupa, ẹ ò bá rí i! Àwọn ará àdúgbò ń yọjú wá wò ó.

Ọ̀dà náà ti lé ní oṣù kan lára ògiri kí ìyá ọkọ mi tó wá kí wa láti Láfẹ́ńwá. Léèsì funfun ni Màmá wọ̀. Wọ́n ní àga tìmùtìmù ń mú ooru, wọ́n bá fa àpótí sídìí ògiri, wọ́n fẹ̀yìn tì í. Ìgbà tí wọ́n máa dìde, ẹ̀yìn búbà wọn ti pọ́n láti èjìká dé ìdí, bíi ti ẹni tó pọn ọmọ tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi osùn pa. Màmá ò sọ nǹkan kan. Wọ́n bọ́ búbà, wọ́n ká a, wọ́n ní kí n bá àwọn wá ìborùn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ìyá ọkọ, ẹ mọ irú ìdákẹ́ yẹn.

Mo wá fi tówẹ́ẹ̀lì tútù nu igun kan tí ẹnikẹ́ni kì í dé. Tówẹ́ẹ̀lì pọ́n, ọ̀dà ibẹ̀ sì ṣí. Àwòrán búbà àti ti ògiri wà nínú lẹ́tà yìí.

Ẹni tó ń bá yín tajà ní akunlé ló bu omi lé e jù. Irọ́ ni. Ojú mi ló ṣe pò ó. Ìwọ̀n tí ẹ kọ sára ike ló lò. Ó tiẹ̀ kọ́kọ́ fi ọ̀dà aláwọ̀ eérú tẹ́ ògiri, torí pupa kì í tètè bo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Òun ló là á yé mi pé pupa tó bá dá ṣáká bẹ́ẹ̀ ń gba ẹbu àwọ̀ púpọ̀, bí èyí tó ń lẹ ẹbu náà mọ́ ògiri ò bá sì tó, ẹbu á máa ṣí ni. Ilé-iṣẹ́ yín lẹ ti pò ó, kì í ṣe pálọ̀ mi. Nígbà tí ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu ẹni tó ń bá yín tajà yẹn, ó ní bí pupa ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Kó gun Òkè Olúmọ kó wo páànù ìlú yìí: pupa tí òjò ti ń lù láti ayébáyé, kò lọ síbì kankan.

Owó ọ̀dà, owó akunlé tó máa tún un kùn, àti owó léèsì Màmá ni mo ń bèèrè. Ẹ má fi ike mìíràn ránṣẹ́ sí mi. Rìsíìtì àti nọ́ńbà ara ike wà níbí. Ẹ sì kọ ìwọ̀n òjé inú rẹ̀ sí mi, torí àwọn ọmọ ń fọwọ́ kan ògiri yẹn, wọ́n ń fọwọ́ sẹ́nu. Ìwọ̀n 90 nínú mílíọ̀nù kan ni UNEP, àjọ àgbáyé tó ń rí sí àyíká, ní kó má kọjá.

Bí ọjọ́ 14 bá kọjá tí mi ò gbúròó yín, ọ̀dọ̀ àjọ FCCPC tó ń gbèjà oníbàárà lábẹ́ òfin ọdún 2018 ni mò ń gbé e lọ. Ẹ má pè mí pé kí n ṣe sùúrù kó tún gbẹ díẹ̀ sí i. Ẹni tó ń bá yín tajà ti sọ ìyẹn.

Èmi ni,
Oníbàárà yín ní Ìbarà.